Bí a ṣe wá àwọn àgbà Maasai tí irun ojú ń gún lójú ní Longido

Nọ́ọ̀sì ojú ni mí. Ní Longido, ilẹ̀ àwọn Maasai darandaran ní àríwá Tànsáníà, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé èmi àti àwọn tá a jọ lọ lọ́wọ́ ni pé ká wá àwọn arúgbó tí trachoma ti ba ìpéǹpéjú wọn jẹ́, ká sì rí i pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Sókótó ni mo ti kọ́kọ́ mọ àrùn yìí. Ojú ọmọdé ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́, aṣọ ìnujú àti eṣinṣin ló ń gbé e kiri. Bó bá ń padà wá léraléra, inú ìpéǹpéjú á dàpá, àpá á fa irun ojú wọnú, irun á wá máa họ ẹyin ojú nígbàkúgbà téèyàn bá ṣẹ́jú. Àwọn ìyá àgbà ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí ọwọ́ wọn làwọn ọmọ kéékèèké máa ń wà.

A ò jókòó dè wọ́n nílé ìwòsàn. Ta ló fẹ́ fi ojú tó ń ta á rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn àti eruku? Àwọn àgbààgbà ọkùnrin la kọ́kọ́ lọ bá, lẹ́yìn náà a lọ sọ́jà ẹran, torí kò sí agbo ilé tí kì í rán èèyàn lọ síbẹ̀. A ò dárúkọ trachoma rárá. Ohun tá a bi wọ́n ni pé, "Ìyá àgbà wo nílé yín ló ní ẹ̀mú tó fi ń fa irun ojú rẹ̀?" Kíá ni wọ́n ń dárúkọ.

Ìyá kan so ẹ̀mú tirẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣẹ́ po ni, ẹnu rẹ̀ ti dán. Mo kí i pé "Takwenya", mo tẹrí ba bí ọmọdé ṣe ń ṣe fún àgbà níbẹ̀, ó sì fọwọ́ kàn mí lórí. Yorùbá ni mí, orúnkún mi ti fẹ́ kanlẹ̀. Mo mú un jáde síta, torí inú ilé ṣókùnkùn, ó sì kún fún èéfín. Irun mẹ́rin ló ń gún ojú ọ̀tún, ẹyin ojú náà sì ti ní ibi funfun. Ọ̀pọ̀ arúgbó níbẹ̀ ò gbọ́ Swahili, nítorí náà ọmọbìnrin kan ló ń bá wa gbufọ̀ sí èdè Maa tí àwọn Maasai ń sọ. Mo ní kó sọ fún ìyá pé iṣẹ́ abẹ ò lè dá ìríran tó ti lọ padà, àmọ́ irun ò ní gún un mọ́.

Kò sọ̀rọ̀ abẹ. Ó ní ta ló máa pọnmi, ta ló máa ṣọ́ àwọn ọmọ ewúrẹ́? Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ló yẹ kí ètò ìlera arúgbó kọ́kọ́ dáhùn. A pe ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ́nà ní ìlú Arusha lórí fóònù, òun ló bẹ ìyàwó rẹ̀ kó gba iṣẹ́ ilé náà ṣe.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé. Ìlànà Tànsáníà ni pé aláìní tó ti pé ọmọ ọdún 60 kì í sanwó nílé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà Maasai ò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ dábẹ́, tó jọ Régbérégbé àwọn Ìjẹ̀bú, la fi ṣírò. Ọkùnrin tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ Seuri ti kọjá 60 dáadáa. Fún obìnrin, a béèrè ẹgbẹ́ tí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin wà. Alága abúlé wá fọwọ́ sí lẹ́tà fún kálukú.

Nọ́ọ̀sì ará ibẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ abẹ náà ló ṣe é. Wọ́n gún ìpéǹpéjú lábẹ́rẹ́ kó má mọ ìrora, wọ́n yí etí rẹ̀ padà síta, wọ́n sì rán an. Irun lè tún wọnú lójú àwọn kan, nítorí náà orúkọ, agbo ilé àti nọ́ńbà fóònù ọmọ arúgbó kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé tá a fi sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì yẹn, kó lè tún ojú wọn wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.