Apophis ń bọ̀ ní 2029: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ọ̀nà rẹ̀

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2029, Apophis, ásítẹ́rọ́ìdì kan (àpáta ńlá tó ń yí oòrùn po), yóò kọjá ní nǹkan bí 32,000 kìlómítà sí ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì kan jìnnà sí wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kò ní kọlù wá. Mo tètè sọ ọ́ nítorí ìròyìn adẹ́rùbani ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ má ṣe wo àwòrán ibi tí ọ̀nà rẹ̀ ti gé ọ̀nà ayé kọjá, kí ẹ wá sọ pé ìkọlù dé. Orí ìwé ni a ya àwòrán sí, ìwé kò sì lè fi hàn pé ọ̀nà Apophis dagun díẹ̀ sí tiwa. Kódà níbi tí ọ̀nà méjèèjì bá ti kanra, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ayé ń sáré ní nǹkan bí 30 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ìṣẹ́jú méje, ó ti kúrò pátápátá níbi tó wà.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti ìṣirò ewu, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó pé Apophis yóò kọlù wá ní 2029. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, ìṣirò náà ń ga sí i títí ó fi dé ìdá 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rù sì ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ jẹ́ ká ní abẹ́rẹ́ bọ́ sínú yàrá ńlá kan tí a tẹ́ ẹní kékeré sí. Bí a ti ń wá apá kan tí a kò rí i, àyè tó ṣẹ́kù ń dín kù, ẹní náà sì ń kó ìpín tó pọ̀ sí i nínú rẹ̀, títí a ó fi mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kò sí lórí ẹní rárá. Ayé wa ni ẹní yẹn, Apophis ni abẹ́rẹ́, yàrá sì ni gbogbo ibi tó ṣeé ṣe kó gbà kọjá. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n rí Apophis nínú àwòrán oṣù kẹta ọdún kan náà, ewu 2029 sì pòórá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ásítẹ́rọ́ìdì mìíràn, 2024 YR4, ṣe ní oṣù kejì ọdún 2025: ó gòkè dé ìdá 3.1, ó sì já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n ń pe irú Apophis, “ásítẹ́rọ́ìdì tó lè léwu”, kò dá ọjọ́ kankan. Ó kàn túmọ̀ sí pé ọ̀nà rẹ̀ lè sún mọ́ ti ayé tó mílíọ̀nù 7.5 kìlómítà, àti pé ó fẹ̀ tó nǹkan bí 140 mítà.

Ẹ má sì rò pé ọ̀nà rẹ̀ kì í yí padà. Lónìí, nǹkan bí ọjọ́ 324 ni Apophis fi ń yí oòrùn po. Òòfà ayé yóò tẹ ọ̀nà náà ní 2029, yíyípo kan yóò sì ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà. Wọ́n ti fi èyí kún ìṣirò: àyẹ̀wò rédà ní oṣù kẹta ọdún 2021 fi hàn pé kò ní kọlù wá fún ó kéré tán 100 ọdún.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má retí iná tàbí ìrù. Bí ìràwọ̀ kékeré kan tó ń rìn ni yóò rí, ojú lásán yóò sì rí i ní Áfíríkà àti Yúróòpù.