Ẹ̀fọ́ oko ti yọ, ẹ rọra já a

Ẹ̀yin ará ilé, òjò ti bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, ebòlò àti yánrin ti ń yọ káàkiri ẹ̀bá odò Ògùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fà wọ́n tu. Orí rẹ̀ ni kí ẹ fi èékánná já, kí ẹ fi ìdí sílẹ̀ kó tún pẹ̀ka. Ebòlò tó ti ń tanná, ẹ dá a sí: afẹ́fẹ́ ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri, òun la ó já lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olóko, kí ẹ sì bi í bóyá ó ti fín oògùn apakoríko. Èyí ló ká mi lára jù, torí fífọ̀ lásán kì í mú oògùn náà kúrò tán. Ẹ yẹra fún ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú.

Olú ńkọ́? Bí kò bá sí àgbà tó mọ̀ ọ́n dájú, ẹ fi sílẹ̀.