Òpó Mẹ́ta Létí Ọya

Apẹja ará Kakanda ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àárín Odò Ọya ni wọ́n sì ń gbé, ní erékùṣù kan lápá òkè Lọ́kọ́ja. Ará Búnú ni tiwa, ọmọ orí ilẹ̀. Nígbà tí àǹtí mi kọ́kọ́ lọ ilé ọkọ, ìyá wa máa ń bi í pé, "Ṣé o ń rí ibi tẹ ẹsẹ̀ lé níbẹ̀ ṣá?" Ilẹ̀ wà níbẹ̀ o. Yanrìn ni, èèyàn lè fi odidi ọjọ́ kan wá òkúta kó má rí, àmọ́ ẹrẹ̀ tí omi ń kó wá lọ́dọọdún ń mú kí ìrẹsì àti ilá wọn dára ju tiwa lọ. Omi yẹn kan náà ló wọlé tọ̀ wọ́n ní 2012, tó tún padà wá ní 2022.

Ti 2022 yẹn, òru ni. Ewúrẹ́ mọ́kànlá bá a lọ, pẹ̀lú àpò ìrẹsì mẹ́fà. Orí òkìtì ọ̀gán ni wọ́n sùn mọ́jú kí ọkọ̀ tó dé. Mo bi àǹtí mi pé ṣé wọn ò rí i pé omi ń gòkè ni. Ó wò mí. "A rí i. Ojoojúmọ́ ló ń gòkè látoṣù keje. Ti ọjọ́ wo ni ká sá fún?"

Káfíńtà ni mí ní Lọ́kọ́ja, ìbéèrè yẹn ò sì jẹ́ kí n sinmi. Létí odò lọ́dọ̀ wa, ìwọ̀n onínọ́ńbà wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń ka gíga omi. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà Lọ́kọ́ja ò lè sọ fún àǹtí mi bóyá ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ máa tutù. Mo ní a máa ṣe tiwa.

Oṣù kẹrin ni mo lọ, nígbà tí Ọya ti fà tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń ha yanrìn. Igi àyìn ni mo gbé dání. Àyìn le, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, mo sì tún fi iná jó ìdí rẹ̀ títí ó fi dúdú. Ẹnì kan ní kí n fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò kun ún. Mo kọ̀, torí inú omi tí wọ́n ń mu ni mò ń rì í sí.

Òpó kan ṣoṣo tó ga ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìtì igi tí omi ń gbé bọ̀ á fọ́ ọ. Mẹ́ta ni mo ṣe, oní mítà méjì-méjì, tí wọ́n ń gun bèbè lọ bí àtẹ̀gùn: ọ̀kan lẹ́nu omi, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nítòsí ilé. Ibi tí orí èkíní bá parí sí ni nọ́ńbà èkejì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ́ọ̀sì tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí láti wo lẹ́fẹ́lù ni mo lò. Mo gbójú lé e jù. Ọmọ àǹtí mi obìnrin ló ní, "Bọ̀ọ̀dá, afẹ́fẹ́ wà nínú ọ́ọ̀sì yín." Bẹ́ẹ̀ ni. Èkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìbú ọwọ́ ga ju bó ṣe yẹ lọ. A tú u, sìmẹ́ǹtì àpò kan sì ṣòfò.

Iṣẹ́ tó pẹ́ jù ni ká mọ ibi tí omi 2022 dé. Àǹtí mi nàka sí ibì kan lára igi máńgòrò. Bàbá àgbà kan ní rárá, ti 2012 nìyẹn. Wọ́n fà á títí ọ̀sán. Ìyàwó bàbá yẹn ló wá dìde láìbínú, ó di ẹ̀ka kan mú: "Ibí ni mo so ìkòkò mi kọ́ lọ́dún tí a sùn lórí ọ̀gán. Ní 2012, ẹ̀ka yìí ò tíì yọ." Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Mo fa ọ́ọ̀sì láti ìdí ẹ̀ka náà dé ara òpó kẹta, mo sì fi ìṣó sàmì síbẹ̀.

Bàbá yẹn náà ló kọ́ mi pé omi méjì ni Ọya ní. Èyí tó pọ́n, tó kún fún ẹrẹ̀, máa ń bá òjò wá, òun ló ń ga jù ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Èkejì mọ́, ó máa ń dé nígbà ọyẹ́, láìsí òjò kankan. Láti Gíní ló ti ń bọ̀, irà ńlá Málì ló ń sẹ́ ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò, oṣù mélòó kan ló sì ń lò lọ́nà. Bàbá ní láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìdídò (dáàmù) Kainji ní 1968, kò wá bó ṣe ń wá tẹ́lẹ̀ mọ́. Ti Bẹ́núé tún wà níbẹ̀: bó bá kún láti Kamẹrúùnù, kì í jẹ́ kí Ọya ráyè ṣàn kọjá Lọ́kọ́ja, omi á wá máa wú sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ àgbà ibẹ̀ ò ka nọ́ńbà, nítorí náà mo kun òpó ní ọ̀dà: funfun, yẹ́lò, pupa. Wọ́n fúnra wọn ló fẹnu kò. Bí omi bá kan yẹ́lò, kí ewúrẹ́ àti arúgbó kọjá sódìkejì. Bó bá kan pupa, kí gbogbo ilé kọjá. Bó bá sì fi ju ìbú ọwọ́ kan lọ gòkè láàárọ̀ méjì tẹ̀léra, kí wọ́n má dúró de ọ̀dà kankan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo padà, wọ́n pè mí pé òpó èkíní ti wọ́. Apẹja kan so ọkọ̀ mọ́ ọn! Kí ló dé tí kò ní so ó mọ́ ọn, igi tó dúró ṣinṣin lẹ́nu omi? Àṣìṣe tèmi ni. Mo padà lọ, mo tún un rì, mo sì rì igi mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún okùn ọkọ̀.

Láràárọ̀ ni ọmọ àǹtí mi ń kà á, tó ń gun òkìtì ọ̀gán tí nẹ́tíwọ̀kì wà láti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi. Lékèélékèé ti sọ òpó kẹta di ilé ìgbẹ́, yanrìn ló fi ń fọ̀ ọ́ kó tó lè kà á. Ní oṣù kẹsàn-án, omi kan yẹ́lò. Ọkọ àǹtí mi, tó ti ń pè é ní "igi àna mi" láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ló kọ́kọ́ kó ewúrẹ́ sínú ọkọ̀. Omi ò dé pupa lọ́dún yẹn. Ó pè mí láti bínú pé mo jẹ́ kí òun na owó epo lásán. Mo ní kó má bínú. Àǹtí mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n ra ọ̀dà pupa sí i wá, pé eléyìí ti ń ṣá.