Bí Ẹ Ó Ṣe Fi Etí Wo La La Land
Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wo fíìmù La La Land, orí fóònù ni mo ti wò ó, tí mo ń ká aṣọ. Nígbà tó parí, inú bí mi. Kí ló dé tí ọkùnrin àti obìnrin inú rẹ̀ ò fẹ́ra wọn? Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo pa iná yàrá, mo fi earpiece sétí, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń tẹ dùùrù láti kékeré. Ẹkún ni mo sun. Bí ẹ̀yin náà ó ṣe wò ó bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ ò bá tíì wò ó rí, ẹ lọ wò ó ná, torí mi ò ní fi òpin rẹ̀ pamọ́.

Ọdún 2016 ni Damien Chazelle gbé e jáde. Justin Hurwitz, tí wọ́n jọ gbé yàrá kan náà ní yunifásítì Harvard, ló kọ orin inú rẹ̀. Sebastian ń tẹ dùùrù jáàsì, ó fẹ́ dá ilé orin tirẹ̀ sílẹ̀. Mia ń ta kọfí, ó fẹ́ di òṣèré. Owó ò sí lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì Los Angeles ló fi bẹ̀rẹ̀, tí àwọn awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń jó lórí ọkọ̀. Ó dùn ún wò, àmọ́ ohun tí ẹ ó máa dúró dè ṣì wà níwájú, ní ilé oúnjẹ tí Sebastian ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún un pé orin Kérésì nìkan ni kó máa tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ṣíwọ́, ó wá mú orin ara rẹ̀.

Ẹ dá a dúró níbẹ̀. Ẹ dá a padà sẹ́yìn, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ìka lu itan yín: ení, èjì, ẹ̀ta, ení, èjì, ẹ̀ta. Jẹ́jẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń rìn, bí ẹni tó ń táràrà nínú òkùnkùn, kó tó di pé ó ń sáré. Ẹ máa kùn ún lẹ́nu títí yóò fi mọ́ yín lára. Orin yìí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e lẹ́nu iṣẹ́; òun náà ló fa Mia wọlé láti ìta. Mia fẹ́ yìn ín, Sebastian fi èjìká gbá a kọjá.

(Ọwọ́ Ryan Gosling, òṣèré tó ṣe Sebastian, gan-an lẹ ń wò yẹn. Ó fi bí oṣù mẹ́ta kọ́ dùùrù, wọn ò fi ọwọ́ ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti dùùrù rí mọ ohun tí ìyẹn gbà.)

Láti ibẹ̀ lọ, ibikíbi tí ohùn yẹn bá ti yọjú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ó bá a ní Griffith Observatory, ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ ní Los Angeles, níbi tí wọ́n ti fò lọ sáàárín ìràwọ̀. Àwọn ijó tó kù, ẹ kàn gbádùn wọn.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ alẹ́ tí Sebastian se oúnjẹ de Mia. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan ń yí lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó di asọ̀. Nígbà tí Sebastian fi máa sọ èyí tó dun Mia jù, ẹ tẹ́tí: rẹ́kọ́ọ̀dù ti parí. Kò sí orin kankan mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló pa mí lára jù nínú fíìmù náà, bẹ́ẹ̀ mi ò gbọ́ ọ rárá lọ́jọ́ tí mò ń ká aṣọ.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, Mia ti fẹ́ ẹlòmíràn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ṣèèṣì yà sí ilé orin kan. Àmì tí Mia fúnra rẹ̀ yà fún ilé orin tí Sebastian ń lálàá rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Sebastian rí i. Ó jókòó, ìka rẹ̀ sì padà sídìí orin ọjọ́ náà. Ení, èjì, ẹ̀ta. A tún bá ara wa ní ilé oúnjẹ yẹn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò gbá a kọjá. Ó fẹnu kò ó lẹ́nu. Gbogbo ayé tí wọn ì bá jọ gbé kọjá lójú wa, kí orin tó rọlẹ̀.

Mia dìde. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wọn. Ẹ má tíì pa á. Sebastian kọjú sí dùùrù, ó ń ka ìlù fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré. Ẹ bá a kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.