Kí Ẹ Tó Kun Land Rover Àtijọ́ Ní Ọ̀dà: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Àtúnṣe Rẹ̀ Nílé

Ara Land Rover àtijọ́ ni ó máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ọkọ̀ náà lè ti wà lẹ́yìn ilé láti ogún ọdún, kí koríko ti gba inú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde, kí adìẹ sì ti máa yé sórí ìjókòó awakọ̀, síbẹ̀ bí a bá fi omi àti ọṣẹ fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a óò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí ó dógùn-ún. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Rover fi ọkọ̀ yìí han aráyé ní Amsterdam ní oṣù kẹrin ọdún 1948, irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú wà nílẹ̀, òun ni wọ́n sì fi bo ọkọ̀ náà lára. Alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin. Ṣùgbọ́n irin ni ṣáásí tí ó gbé gbogbo rẹ̀ dúró, irin náà sì ni ògiri tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Ibẹ̀ ni àìsàn ọkọ̀ náà máa ń fara pamọ́ sí.

Èmi náà jìn sí kòtò yìí. Land Rover onígígùn ti irú tí wọ́n ń pè ní Series III ni mo rà ní Ìbàdàn, ọ̀kan nínú irú àwọn tí ẹ̀ka ìjọba máa ń lò láyé ọjọ́un, nígbà tí ilé iṣẹ́ Leyland ṣì ń to Land Rover pọ̀ ní ìlú náà. Inú mi dùn débi pé ẹni tí ń kun ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ pè, mo sì ti san owó ọ̀dà kí n tó sùn gbalaja wọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wọ ibẹ̀, mo fi hámà kékeré kan ṣáásí náà láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ó ń dún kọ́ńkọ́ń, kọ́ńkọ́ń, títí mo fi dé irin ìdábùú tí ó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí a máa ń de okùn mọ́ bí a bá fẹ́ fa ọkọ̀. Níbẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti yí padà sí pọ̀, pọ̀, bí ìgbà tí a ń lu páálí. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gbá a ni orí hámà wọlé, erùpẹ̀ pupa àti èépá irin sì dà sí mi láyà. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kun ìta rẹ̀ ṣì ń dán.

Ohun tí ó fà á ni pé ṣáásí Land Rover dà bí àpótí gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹrẹ̀ máa ń gba ojú ihò wọ inú rẹ̀, ó máa ń dí ihò tí omi yẹ kí ó gbà jáde, ó sì máa ń di omi òjò mú bí kànìnkànìn. Irin náà yóò wá máa jẹrà láti inú wá sí ìta. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ojú lásán díye lé ṣáásí, ẹ má sì ṣe sanwó ọkọ̀ kí ẹ tó fi hámà kàn án. Irin ìdábùú ẹ̀yìn, àwọn apá kéékèèké tí ó nà jáde láti ẹ̀gbẹ́ láti gbé bọ́dì, àti àyíká ibi tí a de sípíríìnì mọ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa jù lọ.

Àṣìṣe tí ó tẹ̀ lé èyí ni pé wẹ́dà yóò gé páànù irin tuntun, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí èyí tí ó ti jẹrà. Lójú, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n omi yóò máa gbé láàárín páànù méjèèjì, etí irin tí a jó o mọ́ kò sì nípọn tó láti gba ẹrù. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò títí yóò fi kan irin tí ó le, kí ó tó fi tuntun dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi alágbára fọ inú ṣáásí, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì fọ́n òróró tàbí ìda sínú rẹ̀. Bí ìbàjẹ́ náà bá pọ̀ jù, àwọn ilé iṣẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe ṣáásí tuntun tí wọ́n ti rì bọ inú síńkì gbígbóná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ pọ̀. Ẹ rántí pé nọ́ńbà ọkọ̀ wà lára ṣáásí, nítòsí ibi tí a de sípíríìnì iwájú mọ́ ní ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí ó bá gé ibẹ̀ dànù láìkọ ohunkóhun sílẹ̀ ti dá wàhálà ìwé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ní ti ọ̀dà tí mo kánjú sanwó rẹ̀, kò pé ọdún kan tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n máa ń kùn sára irin ni ẹni náà lò, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kì í di alumíníọ̀mù mú. Alumíníọ̀mù ní ọ̀dà ìpìlẹ̀ tirẹ̀, èyí tí ó ní ásíìdì díẹ̀ nínú, tí ó máa ń jẹ ojú rẹ̀ kí ọ̀dà lè rí ibi dì mú. Bákan náà, bí irin àti alumíníọ̀mù bá fara kanra níbi tí omi wà, alumíníọ̀mù ni yóò máa di ìyẹ̀fun funfun. Ẹ má ṣe fi bóòtì irin lásán de ara ọkọ̀ láìfi wọ́ṣà rọ́bà tàbí gíríìsì sí àárín wọn.

Ìtara ọjọ́ Sátidé náà tún máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ènìyàn yóò jí, yóò gbé sípánà, kí oòrùn tó wọ̀ yóò ti tú gbogbo ọkọ̀ palẹ̀, yóò sì kó bóòtì àti nọ́ọ̀tì gbogbo sínú garawa kan ṣoṣo. Tíréèdì (ìlà tí ó yí ara bóòtì ká) àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn Land Rover kan, irú mìíràn sì wà lára àwọn tí ó dé lẹ́yìn, ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé méjèèjì wà lára ọkọ̀ kan náà. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n bí a bá fi agbára fi ọ̀kan sójú ihò èkejì, ihò náà bàjẹ́ nìyẹn. Apá kan ni kí ẹ máa tú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ kó bóòtì rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé tí ẹ óò fi sínú ọ̀rá náà, nítorí ọwọ́ kan tí epo wà lára rẹ̀ ti tó láti pa ohun tí a kọ sí ìta rẹ́.

Bí ẹ bá ti ra bátìrì tuntun, ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ti lẹ̀ pọ̀, sítátà sì lè fi agbára ṣẹ́ ohun tí kò yẹ kí ó ṣẹ́. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ da epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ tí a pò mọ́ dísẹ̀lì sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó fi irin wọ́rọ́kọ́ tí a ń ti bọ̀ ọ́ láti iwájú yí i jẹ́jẹ́. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi irin náà ṣáná sí i, ẹ má ṣe fi àtàǹpàkò yí i ká. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ìka yòókù, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, ó lè kán an. Ẹ yọ epo àtijọ́ wò pẹ̀lú: bí ó bá rí bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti dé inú rẹ̀.

Ní ti iná, ọ̀dọ̀ rìwáyà ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Àwọ̀ wáyà tí ó ti ilé iṣẹ́ wá ní ìtumọ̀: aláwọ̀ ilẹ̀ ń gbé iná wá láti bátìrì, funfun jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́, aró jẹ́ ti iná iwájú ńlá, dúdú sì ń lọ sí ara ọkọ̀. Bí a bá gba rìwáyà láàyè láti fi wáyà pupa rọ́pò gbogbo wọn, kò sí ẹni tí yóò lè wá àṣìṣe rí mọ́. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 1967, orí bátìrì tí ó ní àmì àròpọ̀ ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, ìdàkejì ohun tí rìwáyà òde òní mọ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó so ohunkóhun.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí kì í fún ènìyàn láyè láti ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ̀ yìí lé ní 1,300 kílò. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá wà lórí jáàkì nìkan, ẹ má sì ṣe fi búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé gbé e, nítorí búlọ́ọ̀kù a máa fọ́ lójijì láìkọ́kọ́ sán. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, abẹ́ ìjókòó iwájú ni táńkì bẹntiróòlù wà. Ẹ gbé e kúrò pátápátá kí wẹ́dà tó tan iná, ẹ má sì ṣe sọ pé ó ti gbẹ, torí òórùn epo tí ó ṣẹ́ kù nínú táńkì òfìfo ni ó máa ń bú gbàmù. Asbestos, èròjà tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, wà nínú bíréèkì àtijọ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku rẹ̀. Ẹ fi omi rẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó nù ún.

Bíréèkì náà ni ó yẹ kí ó parí kí ọkọ̀ tó rìn, bí ó ti wù kí ẹ́ńjìnnì máa dún dáadáa tó. Ẹ má ṣe da epo ẹ́ńjìnnì sí i nítorí pé epo bíréèkì tán nílé: yóò mú kí àwọn rọ́bà inú rẹ̀ wú. Ẹ pààrọ̀ okùn rọ́bà rẹ̀ bí ó bá tilẹ̀ dára lójú, torí inú rẹ̀ lè ti dí. Nígbà tí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ láì tan án, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ sì ka oókan dé ọgọ́ta. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń rì díẹ̀díẹ̀, ibì kan ṣì ń jò. Ẹ pa géètì dé, kí ẹ padà sí abẹ́ rẹ̀.