Bí mo ṣe kọ ìwé ìbéèrè owó fún iṣẹ́ ìbomirin oko

Iléeṣẹ́ aládàáni kan ló ní kí n bá àwọn kọ ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi béèrè owó lọ́wọ́ Green Climate Fund, àpò owó àgbáyé tó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà lọ́wọ́ lórí ayípadà ojú-ọjọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kò lọ́jú pọ̀ rárá: wọ́n fẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ní ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn fa omi, pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà tó ń kán omi sí ìdí ohun ọ̀gbìn, kí àgbẹ̀ máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí òjò bá pẹ́ kó tó rọ̀, irè oko ò ní gbẹ dànù.

Ibi èrè ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ẹni tó kọ́ ilé-iṣẹ́ iná oòrùn ní iná tó máa tà. Èrè ẹni tó múra de ọ̀dá ni àdánù tí kò bá a, kò sì sí báńkì tó ń gba àdánù tí kò ṣẹlẹ̀ dípò owó. Ìdí nìyí tí àwọn olówó aládàáni fi ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìròyìn tí UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé jáde ní 2023 ṣírò pé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà nílò 215 sí 387 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún láti fi múra de ayípadà ojú-ọjọ́. Ohun tó dé ọwọ́ wọn láti àpò àwọn ìjọba òkèèrè ní 2021 kò ju bíi 21 bílíọ̀nù lọ.

Torí náà, ìbéèrè kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀: ta ló ti ń san owó ọ̀dá tẹ́lẹ̀? Mo ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń ra irè oko àwọn àgbẹ̀ náà ṣí ìwé ìṣirò owó rẹ̀ fún mi. Lọ́dún tí òjò bá fà sẹ́yìn, wọ́n á lọ ra irè ní ọ̀nà jíjìn, owó ọkọ̀ á gòkè, ẹ̀rọ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru á máa sinmi, owó oṣù òṣìṣẹ́ ò sì ní dín. Mo kọ iye òjò ọdún kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n rà: bí ọ̀kan bá ti wálẹ̀, èkejì á tẹ̀lé e. Ojú ìwé yẹn fi han Fund náà pé ojú-ọjọ́ ló ń da iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ náà rú, kì í ṣe àìrówó lásán, wọ́n sì máa ń wádìí èyí fínnífínní. Ó tún jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà rí i pé owó ara rẹ̀ ló ń ṣòfò. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ pé àwọn á máa ra irè náà, àwọn á máa yọ owó ẹ̀rọ nínú rẹ̀, àwọn á sì máa san án fún báńkì tààrà.

Báńkì ṣì ń bẹ̀rù. Wọ́n fẹ́ ìwé ilẹ̀ fún ìdógò, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ò sì ní. Èlé wọn ga, àsìkò ìsanpadà wọn kúrú. Mo wá to owó náà ní ìpele-ìpele: bí àwọn kan kò bá rí gbèsè san, owó Fund ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a kó tó kan ti báńkì. Owó ọ̀fẹ́ wà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Mo takú lórí èyí, torí bí a bá ń pín ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́, a máa ba ọjà àwọn tó ń tà á jẹ́, ta ni yóò wá tún un ṣe bó bá bàjẹ́? Mo sì ní kó jẹ́ owó tí wọ́n ń ná ní orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n máa yá àgbẹ̀, kì í ṣe dọ́là. Àgbẹ̀ kì í pa dọ́là wọlé. Bí owó orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá já wálẹ̀, gbèsè dọ́là á gbé e mì.

Ìwé tó kù kò gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀, àfi ọ̀kan: lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tí orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ náà ti máa wáyé yàn, pé wọn ò lòdì sí iṣẹ́ náà. Ẹ tètè lọ bá wọn, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá kọ ìwé tán.

Ọwọ́ àjọ kan tí Fund náà ti fọwọ́ sí la gbà fi ìwé náà ránṣẹ́. Ìbéèrè tí àjọ náà dá padà dùn mọ́ mi nínú: bí gbogbo àgbẹ̀ bá ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ torí pé oòrùn ò náni lówó, kí ni yóò kù lẹ́yìn ọdún mélòó kan? A ò lè torí ọ̀dá fa kànga aládùúgbò gbẹ. Mo fi mítà omi kún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, mo kọ òdiwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá, mo sì fi owó wíwọn omi kànga lọ́dọọdún sí ìṣirò. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ Fund ní Songdo, ní Gúúsù Kòríà.