Bó o ṣe máa parí ìjà pẹ̀lú àbúrò ẹ tó ti di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé

Àbúrò mi kọ ìwé, ó ní ọkùnrin kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tó máa ń ka ẹja inú ìkọ́kọrẹ́ kó tó lọ sùn, ta ló fẹ́ sọ pé èmi kọ́!

Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ, ṣáà má tíì pè é lórí fóònù, wàá kàn bú u ni. Wo Heinrich Mann àti àbúrò ẹ̀ Thomas ní Jámánì, òǹkọ̀wé làwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ ogun 1914 ló dàárín wọn rú, wọ́n yan ara wọn lódì fọ́dún bíi méje, àfìgbà tí Heinrich ṣàìsàn gan-an ní 1922 tí Thomas fi òdòdó ránṣẹ́ sí i. Àbúrò ló kọ́kọ́ rẹlẹ̀ o.

Ìwọ má dúró de àìsàn. Tó bá wálé fún Ojúde Ọba, rẹ gaàrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú omi tútù àti ẹ̀pà, jẹ́ kó mu ún dé ìdajì, kó o wá bi í pé, "Ẹja mélòó gan-an lo ní mo kà?" Tó bá rẹ́rìn-ín, ó parí nìyẹn. Tí ò bá rẹ́rìn-ín, pe màmá yín wọlé.